Ìlà Ara Iyùn

Lórí àtẹ àwọn onílẹ̀kẹ̀ ní Ọjà Tẹ́júoṣó, ní Yábàá, iyùn tí ìyàwó àti olóyè ń wá kì í pọ́n bákan náà. Òmíràn pupa fòò, òmíràn rẹ́súrẹ́sú, òmíràn rúsúrúsú. Bí oníyùn bá gbọn ẹ̀kúnwọ́ kan, iyùn gidi a dún kọ́kọ́, a tutù lọ́wọ́, a sì tẹ̀wọ̀n ju bó ti kéré tó lọ. Rọ́bà fúyẹ́, kì í pẹ́ tí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́. Àwọn kan a kọ́kọ́ fi kan eyín kí wọ́n tó ná an.

Egungun ẹranko ni iyùn. Corallium rubrum, èyí tó lókìkí jù nínú wọn, ń gbé inú Òkun Mẹditaréníà, lára àpáta níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀. Ó jọ igi kékeré tó yẹ̀ka. Awọ pupa bo egungun náà, láti inú awọ yẹn sì ni àwọn ẹ̀dá funfun wínníwínní ti ń yọjú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú apá mẹ́jọ, apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ ìka tín-ín-tìn-ín lọ́tùn-ún lósì. Bí nǹkan bá fara kàn wọ́n, wọn a ká wọlé. Onímọ̀ kan, Luigi Ferdinando Marsigli, rí wọn ní 1706, ó sì pè wọ́n ní òdòdó. Ní àwọn ọdún 1720 ni Jean-André Peyssonnel, oníṣègùn ará Marseille, sọ pé ẹranko ni. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Apá mẹ́jọ yẹn ni àwọn onímọ̀ fi kà á mọ́ ẹbí Octocorallia, níbi tí iyùn rírọ̀ àwọn òkun ilẹ̀ olóoru náà wà, àwọn tí kò ní igi egungun nínú, tí omi ń fì síwá sẹ́yìn. Àmọ́ kí iyùn tó dé Yábàá, apá ti lọ, awọ ti lọ. Wọ́n ti gé e, wọ́n ti lu ihò sí i, wọ́n ti fi nǹkan dán an.

Ìlà ló kù. Lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, ìlà wẹ́wẹ́ ń lọ gbọọrọ lára iyùn, wọ́n sún mọ́ra débi pé àlàfo àárín wọn kì í sábà ju ìdajì mìlímítà lọ. Ipa àwọn ọ̀nà tóóró tí oúnjẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dá náà ni. Gíláàsì kò ní in, rọ́bà kò ní in.

Iyùn kan tún wà tí egungun rẹ̀ ní oríkèé bí ọparun. Ìlà tirẹ̀ jìnnà síra díẹ̀. Funfun ni láti inú òkun, aró ni wọ́n fi sọ ọ́ di pupa, aró náà a sì máa ṣù sínú sísán ara rẹ̀ àti sí etí ihò. Bí wọ́n bá fi òwú tó rin fún omi ìfọ̀dà-èékánná nù ún, òwú á pọ́n.

Ayédèrú ni wọ́n ń pè é lọ́jà, ọ̀rọ̀ yẹn sì le jù. Òun náà ní apá mẹ́jọ nígbà ayé rẹ̀. Ìbátan ni wọ́n. Ara ohun tó jẹ́ kí Corallium rubrum wọ́n ni pé ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dàgbà: ẹ̀ka rẹ̀ kì í sábà fi ìdajì mìlímítà nípọn sí i lọ́dún, nítorí náà iyùn tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan ti lo ọdún tó ju 20 lọ lábẹ́ omi kí ẹnikẹ́ni tó gé e.