Gọ́ọ̀mù Tuntun Kì í Di Ti Àtijọ́ Mú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣàlàyé òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí àpótí ẹja kan tó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi gan-an.

Ọmọ mi ni ó ni àpótí náà. Nígbà tí ó ń lọ sí ìlú òyìnbó ní ọdún 2016, ó fi í sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú ẹja 5 tí ó wà nínú rẹ̀. Dígí ni àpótí náà látòkè délẹ̀: ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 45, ó sì ga ní 50. Bí omi bá kún un dé ẹnu, lítà 270 ni. Lítà omi kan sì wúwo tó kílò kan. Ẹrù náà ju àpò sìmẹ́ńtì 5 lọ. Omi yìí a máa ti dígí síta tọ̀sán-tòru. Ìdí nìyí tí a fi ń lẹ dígí pẹlẹbẹ méjì dábùú ẹnu àpótí, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí àwọn dígí gígùn má baà tẹ̀ láàárín.

Ní ọdún 2023, mo rí i pé ọ̀kan nínú dígí ìdábùú náà ti ń ṣí. Gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù tí ó dì í mú ti gbó. Mo ra tuntun, mo fún un lé orí ti àtijọ́, ó sì ń dán. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù láti yangàn. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Gọ́ọ̀mù tuntun kì í di ti àtijọ́ mú. Ẹ ní láti ha gbogbo rẹ̀ kúrò." Mo dá a lóhùn pé mo ti ń tún nǹkan ṣe kí a tó bí i.

Ní òru ọjọ́ kẹsàn-án, dígí náà já bọ́ sínú omi, ó fọ́, ó sì gé ẹja kan lára. Ẹja náà kò rí ọjọ́ kejì.

Nígbà náà ni mo ṣe ohun tí ọmọ wí. Mo kó ẹja yòókù sínú ike ńlá, mo sì gbọ́n omi àpótí tán. Mo tẹ́ bíléèdì pẹrẹsẹ lórí dígí, mo ń ha díẹ̀díẹ̀. N kò jẹ́ kí ó kan oríkèé tí ó so ara àpótí pọ̀. Ohun tí ojú kò rí mọ́, ìka ṣì ń mọ̀ ọ́n: awọ fẹ́lẹ́ kan ṣẹ́ kù. Mo tún un ha, mo sì fi acetone nu ojú ibẹ̀. Onídígí gé ìdábùú méjì tí ó nípọn bí ti àkọ́kọ́. Gọ́ọ̀mù tí kò ní oògùn nínú ni mo rà, nítorí èyí tí wọ́n ń lò ní ilé ìwẹ̀ lè ní oògùn tí yóò pa ẹja. Mo lẹ̀ wọ́n, òórùn bíi ti fínígà gba ilé, mo sì dúró fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Nínú ọ̀sẹ̀ náà ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọdún 2004 ni a ti ń jà lórí ilé bàbá wa. Ọdọọdún ni àwọn àgbà ẹbí ń pè wá jókòó, tí wọ́n ń ní ó ti tán, tí a ó sì bọ ara wa lọ́wọ́. Kì í pẹ́ tí ìjà náà fi ń ṣí padà. Kò sí ẹni tí ó bi wá rí pé kí ni a wí sí ara wa ní ọjọ́ ìsìnkú bàbá. Mo mọ ohun tí mo wí. À ń pe èyí ní sùúrù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onísègùn wa kì í di egbò tí wọn kò tí ì fọ̀.

Mo kọ́kọ́ pe ọmọ mi, mo ní òun ni ó jàre. Lẹ́yìn náà mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún ọ̀rọ̀ burúkú náà sọ láti ẹnu ara mi, mo sì dọ̀bálẹ̀. Wọn kò dì mọ́ mi. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n sì ní kí n jókòó.

Ìdábùú méjèèjì ṣì wà ní ipò wọn títí di òní. Ti èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, a ṣì ń ha á.