Kí Etí Kọ́kọ́ Ṣèdájọ́, Kí Owó Tó Jáde Lápò

Ohun tó ń gbọ́n owó àwọn olólùfẹ́ orin gbẹ kì í sábà jẹ́ orin fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ni. Ẹnì kan á ní òun ti ra èyí tó dára, ó parí. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ pé ohun kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí òun lè pààrọ̀ kí ohùn rẹ̀ túbọ̀ dùn. Á pààrọ̀ rẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ohun kékeré mìíràn á tún yọjú. Ńṣe ni ọ̀rọ̀ yìí dà bíi pé ańpílífáyà onífááfù, èyí tí wọ́n ń fi hẹ́ẹ̀dífóònù gbọ́, ni wọ́n dìídì sọ ọ́ fún.

Fááfù ni gílóòbù kékeré inú rédíò àtijọ́, tó máa ń pọ́n bí ẹyín iná lábẹ́ eérú. Ọ̀gbẹ́ni Fleming ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1904. Ọdún 1906 ni De Forest ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó ní wáyà kẹta, ìyẹn ló sì wá sọ fááfù di ohun tó lè gbé ohùn ròkè. Iná kékeré tó gbé orin wọlé ló ń darí iná ńlá tó ń jáde, bí ọwọ́ ọmọdé ṣe lè darí omi púpọ̀ ní ẹnu ẹ̀rọ omi. Nígbà tí wọ́n ṣe tiransísítọ̀ lọ́dún 1947, fááfù bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun àtijọ́. Síbẹ̀, àwọn kan kò fi í sílẹ̀. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì ń tu etí lára.

Ọ̀kan nínú wọn ni aránṣọ kan ní Tamale, ní ìhà àríwá Gánà. Ará Ìgbẹ́tì ni bàbá rẹ̀. Aṣọ ni bàbá náà ń tà ní ọjà Tamale, nígbà tí Yorùbá pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò ibẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Rédíò onífááfù bàbá náà wúwo. Ẹni tó ń wá àyè fún ìyàwó àti ọmọ nínú ọkọ̀ kò lè rí ibi gbé e sí. Ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ onílé rẹ̀, ọmọ Dagomba. Nígbà tí ìdílé náà padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, onílé gbé rédíò jáde láti inú yàrá, ó nu ún, ó tan án. Ó sọ̀rọ̀.

Ìdílé yìí ni wọ́n bí aránṣọ náà sí lẹ́yìn tí wọ́n padà, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún díẹ̀ báyìí. Agbolé ni ó ń gbé. Nígbà tó bá fi máa kúrò nídìí máṣìnnì, gbogbo ilé á ti sùn, kò sì lè tìtorí àpàlà Haruna Ishola jí aládùúgbò. Ìdí nìyẹn tó fi ra ańpílífáyà kékeré onífááfù méjì, tó ń gbé hẹ́ẹ̀dífóònù kọ́ etí lálaalẹ́.

Ní ọdún kejì, ó gbọ́ pé fááfù ECC82 tó bá ẹ̀rọ náà wá kò tó ti àtijọ́, èyí tí Mullard ṣe ní Blackburn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò ṣe irú ẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń tà láti ọwọ́ dé ọwọ́, bó sì ṣe ń dín kù ni owó rẹ̀ ń gòkè. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tilẹ̀ wà tó ń nu orúkọ kúrò lára fááfù yẹpẹrẹ, tí wọ́n á tẹ orúkọ ńlá sí i. Tuntun pàápàá kò rọrùn. Rọ́ṣíà, Slovakia àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń wá. Nígbà tí Rọ́ṣíà dá ọjà rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2022, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n lára.

Owó àpò ìrẹsì méjì ni aránṣọ náà fi ra fááfù Mullard méjì, láìtíì ka owó tó fi gbé e dé. Ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n san owó ọmọbìnrin rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ìbéèrè kan ló bi í: "Bàbá àwọn ọmọ mi, bí wọ́n bá fi aṣọ bo ẹ̀rọ yìí, ṣé ẹ máa mọ èyí tó wà níbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ló bí ìdánwò. Ọmọbìnrin náà, tó wá lo ìsinmi nílé, ló ṣe adájọ́. Ó ta owó sídì onírin sókè láti mọ fááfù tí yóò kàn. Ó ń pa ẹ̀rọ, ó ń yọ wáyà kúrò lára iná, ó ń dúró kí gíláàsì tutù, ó ń pààrọ̀ ọ, ó sì ń jẹ́ kó gbóná padà. Bàbá rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n ṣe é ní ìgbà márùn-ún lóru ọjọ́ kìíní, márùn-ún lóru ọjọ́ kejì. Nínú mẹ́wàá, ó gba márùn-ún. Ẹni tó kàn ń méfò, tí kò tilẹ̀ gbé nǹkan kọ́ etí, lè gba iye yẹn. Òótọ́ ni pé ìdánwò mẹ́wàá kéré, etí sì tètè máa ń gbàgbé ohùn tó gbọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ṣé ó tó owó ìrẹsì àpò méjì?

Hẹ́ẹ̀dífóònù ni wọ́n dán wò tẹ̀ lé e. Oní-32 ohm ni tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yá a ní oní-300 ohm. Ó mọ ìyàtọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Kì í ṣe idán. Ọ̀pọ̀ ańpílífáyà onífááfù tí kò ní tiransfọ́mà níbi tí ohùn ti ń jáde kì í lágbára láti ti iná púpọ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ oní-32 ohm ń béèrè iná ju oní-300 lọ. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ohm hẹ́ẹ̀dífóònù tó ìlọ́po mẹ́jọ ti ẹnu ẹ̀rọ, ó kéré tán.

Ohun kejì tí etí rẹ̀ mọ̀ kò ná an ní ju owó díẹ̀ lọ. Láti oṣù kọkànlá ni ọyẹ́ ti máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ wọ Tamale. Eruku náà wọ ibi tí ẹsẹ̀ fááfù ń kì bọ̀, ohùn sì ń ṣe kíríkírí. Wọ́n nu ún, ariwo tán. Lẹ́yìn náà ni ó ra sitabiláísà. Iná 230 fólítì ni ẹ̀rọ náà ń retí, iná tó bá sì ń lọ sókè sódò ń gé ẹ̀mí fááfù kúrú. Ẹni tó bá rí ìgbà tí àwọn ará Gánà ń pariwo "dumsor", láàárín ọdún 2012 sí 2016, kò nílò àlàyé lórí èyí.

Agbára pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí èèyàn bá ra ẹ̀rọ tó ní agbára ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ni yóò fi ròkè. Kí ohùn tó dún létí bí ìlọ́po méjì, agbára ní láti pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Etí kò sì ní ìpààrọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìséwu. Bó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni.

Àwọn ìkìlọ̀ kan tún wà. Nọ́ńbà tó jọra kò sọ pé fááfù bára mu. ECC83 wọ ihò ECC82, àmọ́ agbára rẹ̀ láti gbé ohùn ròkè tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. ECC88 náà wọ ihò yẹn, ṣùgbọ́n wáyà ẹsẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ó sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ṣẹ́ iná má tú ìdí ẹ̀rọ náà. Ọgọ́rùn-ún fólítì lọ́nà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ṣì fara pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára iná.

Èrè kò sí níbẹ̀ ni? Ó wà. Fááfù kékeré tí iná rẹ̀ dọ́gba lè lò tó wákàtí 5,000. Fún ẹni tó ń gbọ́ orin wákàtí mẹ́ta lálẹ́, ó lé ní ọdún mẹ́rin. Bó bá kú, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yọ ọ́, wọ́n á ki òmíràn bọ̀ ọ́, wọn kò ní torí ẹ̀ sọ gbogbo ẹ̀rọ nù. Aránṣọ náà sì ti kọ́ láti tẹ́tí. Ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí kò kà sí tẹ́lẹ̀ ti wá ní àyè tirẹ̀ nínú orin. Ọmọ rẹ̀ tó dá a lẹ́jọ́ ti ń bá a jókòó gbọ́ Haruna Ishola.

Ó ta fááfù Mullard méjèèjì fún ẹni tó ń kó wọn jọ ní Accra. Owó tó gbà dín díẹ̀ sí iye tó rà wọ́n. Ó fi èyí tó pọ̀ jù kún owó ilé ẹ̀kọ́, ó sì fi ìyókù bẹ̀rẹ̀ sí í san owó hẹ́ẹ̀dífóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn fááfù àkọ́kọ́ ló wà nínú ẹ̀rọ náà títí di òní.