Àdùkẹ́, Wá Tún Àwòrán Inú iPad Rẹ Yẹ̀ Wò

Àdùkẹ́ mi, ọkọ mi,

Má tíì fajú ro. Mi ò ní gba iPad lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn screenshot tó kún inú rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ó ń jẹ mí lọ́kàn.

Nígbà tí màmá àgbà pè wá lórí fídíò láti Ìbàdàn, tí wọ́n ń kì ọ́, mo rí ọwọ́ rẹ. O tẹ bọ́tìnì òkè mọ́ ti fólúùmù, ojú iPad kọ mànà, o rẹ́rìn-ín. O rò pé o ti fi oríkì rẹ pamọ́. Ọmọ mi, screenshot kì í gba ohùn sílẹ̀. Ẹnu màmá tó là sílẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é. Àmọ́ etí la fi ń gba oríkì. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ohùn wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí o máa gbọ́ ọ títí ẹnu rẹ náà yóò fi lè kì í.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń ya screenshot, ẹ kì í padà wò ó. Iṣẹ́ àṣetiléwá, o yà á, o ò kà á. Irun tó wù ọ́, o yà á, o gbàgbé. Bí mo bá ní kí nìyí, wàá ní, "Mi ò mọ̀, Mọ́mì."

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kó nǹkan jọ ló ń gbàgbé wọn. Ṣé o mọ Schomburg Center, ilé ìkàwé tó wà ní 135th Street níbí ní New York? Arturo Schomburg, tí wọ́n bí ní Puerto Rico lọ́dún 1874, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa ìwé àti àwòrán àwa ènìyàn dúdú jọ. Ó mọ ohun tí wọ́n jẹ́ àti ìdí tí wọ́n fi ṣe pàtàkì. Lọ́dún 1926, dọ́là 10,000 ni wọ́n fi ra àkójọ náà fún ilé ìkàwé ìlú New York. Ìlú yìí kan náà ni James Van Der Zee, ayàfọ́tò, ti ní sítúdíò rẹ̀. Ó sábà máa ń kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sára fọ́tò.

Ìwọ náà lè ṣe é, olówó mi. Bí o bá ti yà á, àwòrán kékeré yóò yọ ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Tẹ̀ ẹ́, gé ibi tí kò wúlò kúrò. Èyí tí o bá fi pamọ́, ṣí i nínú Photos, fi ìka fà á sókè, kí o kọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti ìgbà tó jẹ́ sí i.

Ọ̀kan wà tí mi ò lè gbà o. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ẹkún kọ sí ọ, o yà á. Mo mọ ẹni tí mo bí, o ò ní fi dójú tì í. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ń fi iPad yẹn ṣeré, ìka kékeré lè fi ránṣẹ́ káàkiri. Pa á rẹ́. Kí o wọ Recently Deleted, kí o pa á rẹ́ níbẹ̀ náà, torí ó lè wà níbẹ̀ fún 30 ọjọ́.

Ìyókù, jẹ́ ká jọ jókòó tì í ní Sátidé. Màá din dòdò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó máa ṣí, wàá máa sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Èyí tí kò bá ní ìtàn, jọ̀wọ́, jẹ́ kó lọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.