Ibi Tí Òfin Oyún Ṣíṣẹ́ Mọ

Àdúrà tí àwọn baba wa máa ń gbà fún aboyún kò gùn: kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Ohùn méjèèjì ni a ń tọrọ. A kì í bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ibi bá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, tí ọmọ lọ tí ìyá sì kù, ohun tí a fi í tù ú nínú ni pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Láàrin àdúrà yẹn àti ìtùnú yìí ni òfin ilẹ̀ wa lórí oyún ṣíṣẹ́ dúró sí. Òun ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé sọ díẹ̀ lé lórí.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ nìyí. Obìnrin kan wà tí ń ta oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ ní Wharf Road ní Àpápá, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń tò lọ sí èbúté. Ajégúnlẹ̀ ni ó ń gbé, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ti jókòó rí ní kíláàsì wa. Ọmọ náà lóyún, kò sì lè sọ fún ìyá rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wá sí ẹnu-ọ̀nà wa, ó ní òun wá kí wa ni. A rí i pé ara rẹ̀ kò balẹ̀, ṣùgbọ́n dípò kí a bi í léèrè, ìbáwí ni a fi pàdé rẹ̀, nítorí ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ti wá sí ilé-ìwé. Ó dúró díẹ̀, ó ní, "Ó dàárọ̀, sà," ó sì lọ.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí, ó gba oògùn lọ́wọ́ ẹnì kan tí ń tà á ní àdúgbò. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ọjọ́ méjì ni ìyá rẹ̀ fi tọ́jú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ nínú yàrá, nítorí àwọn aládùúgbò sọ fún un pé bí ó bá gbé e dé ilé-ìwòsàn, ọlọ́pàá ni wọn yóò pè. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. A kò gbọ́ ohùn ìyá, a kò sì gbọ́ ohùn ọmọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà ni a tó jókòó ka òfin fún ara wa. Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti 1916, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa, sọ pé ẹni tí ó bá ṣẹ́ oyún fún obìnrin lọ́nà àìtọ́ lè ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Obìnrin tí ó bá ṣẹ́ tirẹ̀, ọdún 7. Ẹni tí ó bá pèsè oògùn tàbí ohun èlò fún un, ọdún 3. Òfin náà le. Ṣùgbọ́n ìpín 297 inú rẹ̀ sọ pé oníṣègùn tí ó bá fi ọkàn rere àti ìmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí àtigba ẹ̀mí ìyá là kò jẹ̀bi. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ó fi ìlera ara ìyá kún ẹ̀mí rẹ̀. Kí àgbè má baà fọ́ ni àyè yìí fi wà.

Báwo ni ewu yóò ti pọ̀ tó kí oníṣègùn tó lè dìde? Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1938, Dókítà Aleck Bourne ṣẹ́ oyún fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 kan tí àwọn ọmọ-ogun fi ipá bá lòpọ̀. Kò fi í pamọ́. Ó jẹ́ kí a mú òun lọ sí ilé-ẹjọ́. Adájọ́ sọ pé kò yẹ kí oníṣègùn dúró títí ikú yóò fi dé ẹnu-ọ̀nà, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, ìjọba Èkó tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn oníṣègùn ní oṣù kẹfà 2022. Àwọn ẹlẹ́sìn fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì dá a dúró ní oṣù keje.

A mọ ohun tí ó ń ba àwọn olùfẹ̀hónúhàn lẹ́rù, nítorí àwa pẹ̀lú gbàgbọ́ pé Ọlọ́run mọ ọmọ kí a tó bí i. Ní 2021, orílẹ̀-èdè Benin tí í ṣe aládùúgbò wa gba obìnrin láyè láti ṣẹ́ oyún tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, bí oyún náà bá máa dá kún ìṣòro owó, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ìdààmú ọkàn rẹ̀. Àwa kò bá wọn dé ibẹ̀. Ìṣẹ́ ni ó yẹ kí a mú kúrò lára ìyá, kì í ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí òfin fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ibi tí ó wà, kí ni ó fi yàtọ̀ sí ògiri?

Nǹkan mìíràn tún wà. Nínú gbogbo ìpín òfin wọ̀nyí, a kò rí ọ̀rọ̀ kankan fún ọkùnrin tí ó fún ọmọbìnrin lóyún tí ó sì sá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n mú obìnrin kan ṣoṣo wá síwájú Jésù, bí ẹni pé òun nìkan ni ó dá ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ìyà tí òfin kò kọ, tí àwa fúnra wa fi kún un. Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé ilé-ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni tí ó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù tí ì báà fà á. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, sọ pé ọmọbìnrin tí ó bá lóyún kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọdọ̀ ní àǹfààní láti padà sẹ́nu ìwé lẹ́yìn tí ó bá bímọ. Ta ni ó sọ èyí fún ìyá yẹn? Ta ni ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀? Àwa tí a mọ̀wé kò kà á, bẹ́ẹ̀ ni a yára ka ìlànà ilé-ìwé sí wọn létí ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé pé ẹni tí ó bá lóyún, kí ó má ṣe padà wá.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a kò ní kí ẹ pe ẹ̀ṣẹ̀ ní òdodo. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi í fà á mọ́ra, ọmọ ẹni kì í sì í burú títí kí a fi fún ẹkùn pa jẹ. Òfin lè sọ ẹni tí yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n. Kò lè jókòó ti ọmọ tí ẹ̀rù ń bà. Iṣẹ́ tiwa ni ìyẹn.

Ìyá náà ṣì ń ta oúnjẹ ní Wharf Road. Bí a bá ń kọjá, a máa ń yà kí i, òun náà a sì dá wa lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, nítorí kò mọ̀ pé ọmọ òun wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. A kò tíì lè sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ọmọ kan bá dúró sí ẹnu-ọ̀nà wa tí ó ní òun wá kí wa ni, a kì í tètè dáhùn pé ó dàárọ̀. A máa ń ní kí ó wọlé, kí ó jókòó.