Orí Tí Wọ́n Hú ní Ihò Eléérú

Àpáta ńlá kan wà nínú igbó Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni à ń pè ní Ihò Eléérú. Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì kan egungun ènìyàn. Wọ́n yẹ èédú tí ó wà nítòsí rẹ̀ wò: ó ti tó nǹkan bí 11,000 ọdún. Ohun ìyanu ni èyí, nítorí pé ènìyàn lè gbéra ní Ouagadougou kí ó rìn títí dé Èkó, kí ó má ṣalábàápàdé egungun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Omi inú ilẹ̀ apá ibí a máa jẹ egungun tán.

Ṣùgbọ́n orí náà kò fi ara jọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ó gùn, ó rẹlẹ̀, iwájú rẹ̀ sì fà sẹ́yìn, bí orí àwọn tí ó gbé ayé ní ohun tí ó lé ní 100,000 ọdún sẹ́yìn. Ta ni kò ní fura? Òkú tí a gbẹ́lẹ̀ sin ni. Èédú ayé kan sì lè bọ́ sínú sàréè ayé mìíràn.

Ìfura kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní 1912 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan kéde orí Piltdown pé ti baba ńlá ènìyàn ni. Bóyá nítorí pé ó wù wọ́n kí baba ńlá ayé jẹ́ ará ilé wọn ni wọn kò ṣe tètè wádìí. Ní 1949 Kenneth Oakley wọn fluorine inú egungun náà, èyí tí omi ilẹ̀ í gbé wọ inú egungun díẹ̀díẹ̀. Ó kéré jù. Ní 1953 àṣírí tú: agbárí ènìyàn, àgbọ̀n ìnàkí, ẹnìkan ti ha eyín rẹ̀, ó sì ti pa á láró.

Ti Ihò Eléérú kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2011, Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí Folorunso ti Ìbàdàn wà lára wọn, tẹ àbájáde àyẹ̀wò tuntun jáde. Ní ti ọjọ́ orí, wọn kò bi èédú mọ́, egungun fúnra rẹ̀ ni wọ́n bi. Yuréníọ̀mù a máa bá omi ilẹ̀ wọ inú egungun, a sì máa yí padà ní ìwọ̀n tí ó ṣeé kà. Ìdáhùn rẹ̀ wà láàárín 11,700 àti 16,300 ọdún. Èédú kò purọ́. Àwọn ọ̀mọ̀ràn ni wọ́n ti rò pé ẹni tí ó ní irú orí bẹ́ẹ̀ kò ní sí láyé mọ́ nígbà náà.

Orúkọ nìkan ni ayédèrú tí ó kù. “Iwo Eleru” ni wọ́n kọ sínú ìwé fún ọdún púpọ̀, bí ẹni pé Yorùbá a máa pe ihò ní ìwo. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ọ́ bí ó ti yẹ.