Kí Ọ̀gá Mọ Ohun Tí Òṣìṣẹ́ Ṣe

Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa máa ń rántí òṣìṣẹ́: àpò ìrẹsì, òróró, kàlẹ́ńdà. Mi ò bú u o. Ẹni tó ń gba 70,000 náírà, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2024, mọ iyì àpò ìrẹsì. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta àti ẹni tó ń pẹ́ dé lójoojúmọ́, ìrẹsì kan náà ni wọ́n jọ ń rù lọ sílé.

Yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Mo gba èyí gbọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ìyìn tó ń wọni lára ni èyí tó dárúkọ ohun téèyàn ṣe. Mo rí ọ̀gá kan tó pe màmá tó ń gbálẹ̀ síwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Màmá yìí ló rí i pé omi ń jò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná, tó sì tètè figbe ta. Ọ̀gá ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ gbà wá lọ́wọ́ iná." Màmá tún gèlè rẹ̀ wé, ó kúnlẹ̀, kò tiẹ̀ mọ ohun tí yóò sọ. Àpò ìwé tí wọ́n fún un kò sì ṣófo.

Ìyẹn náà ṣe pàtàkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi àtẹ́wọ́ dípò owó oṣù tí ẹ jẹ. Ẹ kọ́kọ́ san án, kí ẹ tó gbé ìwé-ẹ̀rí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.