Ẹ má fi aláwàdà ṣe atọ́kùn àpérò

Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá fẹ́ ṣe àpérò, gbọ̀ngàn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sanwó ẹ̀, wọ́n aá sanwó jẹnẹrétọ̀, wọ́n aá sanwó ìrẹsì àti mínírà. Ó máa ń ku ọ̀la kí ẹnì kan tó béèrè pé ta ló máa di máìkì mú. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń sáré pe MC tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbi ìgbéyàwó kan. Àṣìṣe ńlá gbáà ni.

Iṣẹ́ méjèèjì ò jọra rárá. Alága ìjókòó àti alága ìdúró níbi ìdána, orin, àwàdà àti owó gbígbà ni tiwọn. Ṣùgbọ́n níbi àpérò, wọ́n ti ní kí alága káńsù wá sọ ìdí tí omi ẹ̀rọ ò fi yọ, àwọn ará ìlú sì ti gbé ìbéèrè wọn dání láti ilé. Bí atọ́kùn bá fi ogójì ìṣẹ́jú ki àwọn olóyè, tó tún fi ogún ìṣẹ́jú ṣe ẹ̀fẹ̀, àsìkò ti lọ nìyẹn. Alága aá wọ mọ́tò ẹ̀, ó di ilé, láìsẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.

Kí atọ́kùn mọ ọ̀rọ̀ sọ nìkan ò sì tó o, àwọn tó pè é gbọ́dọ̀ fún un lágbára. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020. Àgbà akọ̀ròyìn ni Chris Wallace tó tọ́kùn ìjíròrò Donald Trump àti Joe Biden nílùú Cleveland lóṣù kẹsàn-án, síbẹ̀ Trump ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ Biden lẹ́nu ṣáá ni, ibẹ̀ wá dà bí ọjà. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Nashville lóṣù kẹwàá, tí Kristen Welker tọ́kùn ètò, wọ́n ń pa máìkì ẹnì kan fún ìṣẹ́jú méjì tí ẹnì kejì bá kọ́kọ́ ń dáhùn. Ariwo rọlẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba atọ́kùn, kó lọ wo ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ná. Kó bi í pé, 'Bí olóyè kan ò bá fẹ́ dákẹ́ ńkọ́?' Tó bá kàn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n wá ẹlòmíì. Èyí tó mọṣẹ́ aá ti pe àwọn tó máa sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, aá mọ orúkọ àti oyè wọn, nítorí oyè tí wọ́n bá ṣì pè, ìjà ni. Tó bá sì dé àárín èrò, ọwọ́ ara ẹ̀ ni máìkì máa wà. Ẹni tí wọ́n bá gbé e fún pátápátá, ìtàn ìlú ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni owó. Ẹ fẹnu kò lórí iye tẹ́ ẹ máa san, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì san án pé. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún un pé àwọn èèyàn ńláńlá aá ná an lówó. Ẹni tí alága ti ná lówó lójú agbo, báwo ló ṣe fẹ́ bi í léèrè owó omi?